Ràímì Mẹ́rin Lẹ́nu Géètì Kan

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì rẹ ohùn fóònù yín sílẹ̀, torí fóònù ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan pè mí. Ó ní, "Bàbá, Ràímì ni o." Mo ní, "Ràímì wo?" Ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ ò mọ ohùn ọmọ yín mọ́?" Mo pa fóònù. Ràímì ọmọ mi wà nínú ilé nígbà náà, ó ń fá irùngbọ̀n. Gbájúẹ̀ orí fóònù yẹn ò mọ̀ pé orúkọ tó mú wá bá mi, mo ti ń fura sí i kí wọ́n tó bí òun.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Lójú tiyín, Ràímì ò ju Ràímì lọ. Ẹ ó kọ Ràímì Kìíní, Ràímì Kejì sínú fóònù yín, ó parí. Láyé tiwa, a kì í pe orúkọ ní ìhòòhò. A máa ń wọ aṣọ fún un ni. Ní Agége níbí nìkan, ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú àwọn Ràímì tí ojú mi rí. Ràímì Oníkànga wà, tó gbẹ́ kànga mọ́sálásí wa, tí omi rẹ̀ ò gbẹ rí títí wọ́n fi dí i pa nígbà tí ilé yí i ká. Ràímì Onírédíò wà. Òun ló kọ́kọ́ gbé rédíò síta ní òpópónà yìí, gbogbo àdúgbò ló ń lọ gbọ́ ìròyìn lójúde rẹ̀. Bó bá bínú sí ẹnì kan ṣoṣo, á gbé rédíò wọlé, gbogbo wa á sì jọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹni náà. Ràímì Elérù wà, tó fi orí ru ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti ìdíkọ̀ rélùwéè dé ilé ẹni tó ni wọ́n, tí kò dúró mí lọ́nà. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí o kò bá béèrè pé Ràímì wo, o lè kí ẹni tí kò bímọ kú ewu ọmọ, o sì lè bá ẹni tí bàbá rẹ̀ wà láàyè kẹ́dùn.

Ẹ mọ ọgbà ńlá kan tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń kó àpótí ẹrù sí lápá kan, tí ṣọ́ọ̀ṣì gba apá kejì? Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ abọ́ tánganran wa wà. Láti Agége níbí, ojú irin la máa ń tọ̀ lọ, lẹ́sẹẹsẹ, bí èèrà. Òpebì tí ẹ ń rí báǹkì sí lónìí, oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ kedere, fèrè á ké. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fèrè tirẹ̀, etí wa sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ti ilé-iṣẹ́ aláṣọ rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń súfèé. Tiwa ń ké bí akọ màlúù tó ti rí ọ̀bẹ. Ìyá mi ò ní aago. Bí fèrè kejì bá ti ké, wọ́n mọ̀ pé àsìkò tó láti gbé ìkòkò kaná. Nísinsìnyí, kò sí fèrè kankan mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló ń hu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn ò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wa nìyí: ẹ̀rọ á tẹ irin pẹlẹbẹ di abọ́, gbìràn, gbìràn, títí àyà èèyàn á fi máa lù tẹ̀lé e. A óò ri abọ́ náà bọ inú ọ̀dà tó ki bí ògì, a óò gbọ̀n ọ́n, a óò gbé e wọ inú ààrò. Bó bá jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹ óò máa gbọ́ ta, ta, ta, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Èmi àti Sùlè, ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀yọ́, la jọ ń dúró sẹ́nu ààrò. Ó lọ́jọ́ kan tí fìlà Sùlè já bọ́ sínú ọ̀dà. Kàkà kó sọ ọ́ nù, ó ní òun fẹ́ wo bí yóò ṣe rí, ló bá tì í wọ inú iná. Aṣọ jó tán, ọ̀dà kù; ohun tó jáde dà bí ìkarahun ìgbín. Nígbà tó tutù, Sùlè gbé e lórí, ó ní òun ti jọba. Fómaànù ń bọ̀, ó yára dọ̀bálẹ̀ kí i, adé fọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń kí i ní Kábíyèsí.

Bí Iléyá bá sì ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ á fún wa ní àwọn abọ́ tó lábùkù. Ilé yòówù kí ẹ wọ̀ ní Agége lọ́jọ́ ọdún, bí wọ́n bá gbé ẹran àgbò síwájú yín nínú abọ́ funfun tó ní ojú dúdú kan létí, kí ẹ mọ̀ pé ilé àwa tánganran lẹ dé.

Kò sí káàdì, kò sí ẹ̀rọ tí à ń fi ìka tẹ̀. Bàbá Gáníyù, olùṣọ́ géètì, ló ń pè wá wọlé. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo wa wà lórí wọn. Wọ́n á pè ọ́, o óò ní, "Èmi nìyí," o óò wọlé. Bí orúkọ bá jọra, wọ́n ní òfin tiwọn: àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ́. Ọmọdé tó bá dáhùn ṣáájú àgbà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, lójú Bàbá Gáníyù, bí ẹni tó ṣí fìlà àgbà dé ni. Kódà bí ọ̀gá òyìnbó bá ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì pé kí Ràímì wá, Ràímì tó dàgbà jù ló máa kọ́kọ́ lọ. Bí kì í bá ṣe òun, á padà wá sọ fún ẹni tó kàn. Èyí máa ń bí ọ̀gá nínú. Bàbá Gáníyù á ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ń kánjú, ẹ sọ Ràímì tí ẹ fẹ́." Òyìnbó ò sì mọ̀ ju Ràímì lọ.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ràímì Àgbà ló ṣáájú, ará Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń fọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Ràímì Gígùn tẹ̀lé e. Orí rẹ̀ máa ń kan irin òkè ẹnu-ọ̀nà, ó sì máa ń bẹ irin náà pé kó má bínú. Ẹ̀kẹta ti di ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó ní kí a máa pe òun ní Jeremáyà. Bàbá Gáníyù ní, "Lọ́jọ́ tí o wá gbaṣẹ́, Ràímì ló wá. Ràímì náà ló máa wọlé." Ló bá ń jẹ́ Ràímì níta géètì, tó ń di Jeremáyà bó bá ti wọlé tán. Ẹ̀kẹrin ni Ràímì Kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ yíyá, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn.

Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí. Àwa tí à ń dúró sẹ́nu ààrò, ilé-iṣẹ́ máa ń fún wa ní agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ nítorí èéfín. Wọ́n ṣàdédé dá a dúró. Kò pé oṣù méjì, ikọ́ ò jẹ́ kí Sùlè sùn mọ́. Àwa mẹ́sàn-án pàdé lẹ́yìn mọ́sálásí, a búra pé bó bá di Mọ́ńdè, ẹnikẹ́ni ò ní dáná ààrò. Mẹ́ta nínú àwọn Ràímì wà níbẹ̀. Jeremáyà nìkan ló wà lórí òkè àdúrà.

Lọ́jọ́ Sátidé, à ń jẹun lábẹ́ igi odán, Bàbá Gáníyù pè láti ẹnu géètì: "Ràímì, ọ̀gá ń pè." Ràímì Àgbà nu ọwọ́, wọ́n dìde, wọ́n wọ ọ́fíìsì. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀, wọ́n jáde. Fèrè ké, oníkálukú gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mọ́ńdè dé. Bàbá Gáníyù ń pe orúkọ, wọ́n fo ti Sùlè. Wọ́n fo ti Ràímì Gígùn. Wọ́n fo ti àwọn mẹ́ta mìíràn. Àwọn tó sọ̀rọ̀ jù lẹ́yìn mọ́sálásí ni wọ́n fò, ojú bàbá náà sì ti pọ́n. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún kí a tó wọlé. Èmi wọlé, torí mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbi ìpàdé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló wọ ọ́fíìsì? Ràímì. Ràímì wo? Àgbà ni, gbogbo wa la fojú rí wọn.

A ò lu Ràímì Àgbà. Ohun tí a ṣe burú ju lílù lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n dé ìdí igi odán, wọ́n ní, "Àsàlámù àlékún." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi ni mo jókòó sítòsí wọn jù. Bí mo bá dáhùn, àwọn tó kù á dáhùn. Mo tẹjú mọ́ abọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí a bá tò fún ìrun, àyè á ṣófo lọ́tùn-ún wọn, á ṣófo lósì wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fara dà á, wọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ti Sùlè, ó ti padà sí Ọ̀yọ́ ṣáájú. Ikọ́ yẹn náà ló mú un lọ. Ọjọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ kàn mí, mo búra pé èmi àti Ràímì Àgbà, àti ẹnikẹ́ni tó bá jáde láti ilé wọn, a ò ní jọ jẹun nínú abọ́ kan náà títí n óò fi kú.

Lọ́dún yẹn ni Ràímì Kékeré di fómaànù. A bá a yọ̀. Òun ló gbé ẹrù Sùlè dé ìdíkọ̀, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Òun náà ló fa àgbò wá nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé, mo wo ọ̀rẹ́, mo sọ ọmọ náà ní Ràímì. Ràímì Kékeré ti kú báyìí, ó ti pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Sìkíra, ẹ̀gbọ́n yín, ọmọ Ràímì mi, mú ọmọkùnrin kan wá kí mi, Wàsíù, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Onígbòǹgbò. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Mo fura sí ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀hún, torí ó pẹ́ nílẹ̀ jù. Nígbà tó lọ tán, mo pe Sìkíra.

"Ọmọ ta ni?"

"Bàbá rẹ̀ ti kú, Bàbá. Bàbá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ, ní Abúlé Ẹ̀gbá. Alhaji Ràímì."

"Ràímì wo?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ tiẹ̀ lè mọ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn náà ṣiṣẹ́ tánganran rí."

Mo gbé ife omi mi sílẹ̀. Mo ní, "Kò ṣeé ṣe."

"Kí ni kò ṣeé ṣe?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ wádìí."

"Ẹ wádìí o, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa ní rárá, ẹ sọ ìdí rẹ̀ lójú mi, kí Wàsíù náà gbọ́. Ẹ má kàn sọ pé ìdílé wọn ò dáa, kí ẹ wá dákẹ́."

Ọmọ yẹn fi orí jọ ìyá mi, ó fi ẹnu jọ wọ́n.

Mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Abúlé Ẹ̀gbá. Ìwádìí àtijọ́ kì í gba ojúde ilé wọlé. Mo yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ìkángun òpópónà, mo ṣe bí ẹni tó rẹ̀, mo jókòó.

"Ọmọ mi, Alhaji tó ń gbé ilé aláwọ̀ ewé yẹn, irú èèyàn wo ni?"

Kò gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fún wọn lọ́mọ ni, àbí ẹ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọmọ?"

"Àgbàlagbà wọ agbádá lọ́sàn-án gangan, ó wá jókòó sórí táyà, ó ń béèrè ìwà. Kí ló kù? Wọn kì í jà. Wọn kì í mutí. Kò sí àìsàn ìdílé. Ẹ̀bi wọn kan ṣoṣo ni pé àdúà wọn máa ń gùn." Ló bá nà dìde, ó kígbe, "Alhaji, àlejò yín rèé o, wọ́n ń wádìí yín!"

Ilẹ̀ ò kúkú lanu kí n wọ ibẹ̀.

Ràímì Àgbà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbó, ara wọn ti súnkì. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, ojú wọn sì dúró lórí àpá iná ààrò tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

"Àsàlámù àlékún," mo ní.

Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n dá a pé, wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ò rí i pé kò le."

Mo jókòó. Abọ́ ẹ̀pà kan wà lórí tábìlì láàárín wa, abọ́ tánganran, ojú dúdú kan wà létí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí n bù jẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án.

"O wá wádìí mi," wọ́n ní. "Ó yá, wádìí."

"Ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ wọ ọ́fíìsì."

"Mo wọ̀ ọ́."

"Kí lẹ sọ fún ọ̀gá?"

"Mo ní, èmi nìyí. Ó wò mí, ó ní kì í ṣe èmi lòun ń pè. Mo jáde, mo wá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, mo sọ fún un." Wọ́n ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ìwọ náà mọ òfin géètì. Àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ òfin náà. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í rántí ohun tó mọ̀; ohun tó fojú rí nìkan ló ń rántí. A rí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Fèrè ò jẹ́ kí a rí ẹni tó wọlé tẹ̀lé e.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa nígbà náà?"

"Kí n sọ kí ni? Pé Ràímì kọ́, pé Ràímì ni? Ẹ ti gbé òkúta dání, ẹ̀ ń wá orúkọ tí ẹ máa sọ ọ́ lù. Orúkọ tèmi náà ni. Bí mo bá yẹra fún un, ẹni tó kéré sí mi ló máa bà."

"Ẹni tó kéré. Kékeré ni, àbí?"

"Mi ò dárúkọ Kékeré. Gígùn náà kéré sí mi."

Gígùn ni wọ́n lé ní Mọ́ńdè. Jeremáyà wà lórí òkè àdúrà lọ́jọ́ ìpàdé. Ta ló wá kù? Àmọ́ Ràímì Àgbà ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ṣírò rẹ̀ nínú.

"Mi ò sí nínú ọ́fíìsì nígbà tí ẹni yẹn wọlé," wọ́n ní. "Mi ò mọ ohun tó sọ, mi ò mọ ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà á. Ìwọ náà ò mọ̀. Má tún ṣe é fún òkú, ohun tí o ṣe fún èmi alààyè."

Ní ìta, ọkùnrin onítáyà ń fi òòlù lu irin, gbìràn, gbìràn. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n bi mí bí ẹni tó kàn fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí, nígbà tí o ti bímọ?"

"Bàbá Ràímì."

Wọ́n ní, "Ràímì wo?"

Ìbéèrè tí mo ti fi ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu nìyẹn, òun ni wọ́n dá padà sí mi. Ràímì tó fa àgbò wá. Ràímì tó gbé ẹrù Sùlè dé ìdíkọ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń wo omijé ọjọ́ yẹn lọ́tun, mi ò sì mọ irú omijé tó jẹ́ mọ́. Títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ràímì Àgbà ò tún bi mí. Wọ́n ti abọ́ ẹ̀pà sún mọ́ mi. Mo rántí ìbúra mi. Mo bù ú, mo jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin náà wà nínú ọgbà ilé yìí lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ Sìkíra, ṣùgbọ́n oúnjẹ lojú yín wà. Àwọn ẹbí ọkọ jókòó lọ́hùn-ún, àwa jókòó níbí. Nígbà tó tó àkókò ọ̀rọ̀, ààfáà ní, "Kí Alhaji Ràímì wá bá wa sọ̀rọ̀." Ọmọ mi ti ń kó agbádá rẹ̀ jọ láti dìde, torí Alhaji lòun náà, òun sì ni bàbá ìyàwó. Mo gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Mo ní, "Jókòó. Àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ́."

Lọ́hùn-ún, Ràímì Àgbà dìde díẹ̀díẹ̀, Wàsíù di apá wọn mú. "Èmi nìyí," wọ́n ní, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń jẹ́ ẹ lẹ́nu géètì. Wọ́n wo ààfáà, wọ́n wo ọmọ mi, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe èmi lẹ̀ ń pè. Ẹni tó kàn nìyẹn."

Kí ọmọ mi tó dìde, ó fẹnu sí mi létí. Kò bi mí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ó ní, "Bàbá, Ràímì wo gan-an lẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ mí?"

Mo wo bàbá arúgbó tó ń wá bí wọn ó ṣe tún jókòó.

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ yẹn ni," mo ní.